Ìwà Tó Kápá Ebola ní Èkó

Bí iṣẹ́ ńlá kan bá yọrí sí rere, olórí là ń yìn. Bó bá dàrú, olórí náà là ń bú. N kò ní kí á má yin olórí, ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Bó ti wù kí ìwà olórí dára tó, ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwà tirẹ̀ kí iṣẹ́ tó lè kẹ́sẹ járí. Ẹ̀rí mi ni bí wọ́n ṣe kápá àrùn Ebola ní Èkó lọ́dún 2014.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà, Patrick Sawyer ti Làìbéríà dé sí Èkó pẹ̀lú àìsàn lára. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ń yanṣẹ́ lódì nígbà náà, ilé ìwòsàn aládàáni First Consultants ní Ọbálendé ni wọ́n sì gbé e lọ. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh wò ó, ó fura, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Ebola, àrùn tí òun fúnra rẹ̀ kò tọ́jú rí. Kí èsì tó dé, àwọn aṣojú Làìbéríà ti ń fi dandan lé e pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ọkùnrin náà, torí ó ní ìpàdé tó ń lọ ní Kàlàbá. Dókítà náà kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ká ní ó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ta ni ì bá dá a lẹ́bi, nígbà tí èsì àyẹ̀wò kò tíì sí lọ́wọ́? Àwáwí tó bófin mu wà nílẹ̀, kò lò ó. Àwọn alákòóso ilé ìwòsàn náà kò sì yẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lójú tèmi, èyí yẹ fún ìyìn bíi ti ìgboyà dókítà náà, nítorí mélòó ni ọ̀gá tó máa ń dúró ti òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí àwọn èèyàn ńlá bá ń halẹ̀?

Síbẹ̀, àrùn náà ti ran àwọn tó tọ́jú Sawyer kó tó kú. Ẹnì kan tilẹ̀ gbé àrùn náà dé Port Harcourt. Ìgboyà nìkan kò lè ká èyí mọ́. Àwọn tó kápá rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń bá àrùn rọpárọsẹ̀ jà látẹ̀yìnwá. Iṣẹ́ wọn ti forí ṣánpọ́n rí: lọ́dún 2003, àwọn èèyàn Kánò kọ àjẹsára rọpárọsẹ̀, àrùn náà tún bẹ̀rẹ̀ sí tàn. Dípò kí wọ́n jókòó máa di ẹ̀bi lé aráàlú lórí, wọ́n kọ́ bí a ti ń lọ bá ọba, bálẹ̀ àti àwọn àgbà ẹ̀sìn kí a tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2012, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ tí gbogbo wọn ti ń gbàṣẹ, tí wọ́n sì ti ń jíhìn. Ètò yìí gan-an ni wọ́n yí sí Ebola.

Àwọn èèyàn bí 894 tó ti fara kan aláìsàn ni wọ́n ń ṣọ́ fún ọjọ́ 21, tí wọ́n ń wọn bí ara wọn ṣe gbóná sí. Nǹkan bí ìgbà 18,500 ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ń ba àwọn onílé, àwọn aládùúgbò ń sá fún wọn. Ẹni tí kò ní sùúrù, tí kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ, kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí dé ọjọ́ kẹta. Kò sì sẹ́ni tó ń kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí sínú ìwé ìròyìn.

Ogún èèyàn, títí kan Sawyer, ni àrùn náà ṣe ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú. Dókítà Adadevoh wà lára wọn, ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola. Ní Gíní, Làìbéríà àti Sàró, ó ju 11,000 èèyàn lọ tó bá a rìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ilé-iṣẹ́ lónìí, ẹ wo àwọn tó wà lábẹ́ yín. Ta ni nínú wọn tó lè dúró níwájú yín, kó sọ pé rárá, kí iṣẹ́ má sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ẹ kò bá rí ẹnì kankan, ẹ tètè tún un ṣe kí wàhálà tó dé.