Ẹ̀rọ Kò Ní Àníyàn

 

Bàbá kan ní Ifira-Akoko ní ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní Ikare. Ọdún kan péré ni ó kù kí ọmọ náà gba fíríídọ̀mù. Ní ọjọ́ kan ó fi àwòrán kan han bàbá rẹ̀ lórí fóònù: apá irin kan dá dúró lórí tábìlì, ó ń jó irin mọ́ irin, kò sì sí ọwọ́ ènìyàn lára rẹ̀. Ọmọ náà ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ kò rí i pé iṣẹ́ tí mo ń kọ́ yìí ti fẹ́ parí?" Bàbá náà kò rí èsì fọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí àárín wa, ìbéèrè rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Ǹjẹ́ ó tọ́ lójú Ọlọ́hun kí ẹ̀rọ gba oúnjẹ lẹ́nu ènìyàn? Ǹjẹ́ kí òun mú ọmọ òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Rọ́bọ́ọ̀tì kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1961 ni wọ́n gbé ọ̀kan sínú ilé iṣẹ́ General Motors ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà, kí ó máa gbé irin gbígbóná tí ọwọ́ ènìyàn kò lè gbé. Nígbà tí ó yá, irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó ara ọkọ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n agbára wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọgbà irin ni wọ́n ń ṣe yí wọn ká, nítorí ẹni tí ó bá ṣèèṣì kó sí wọn lọ́wọ́ lè kú. Ní ọdún 1996, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Yunifásítì Northwestern, J. Edward Colgate àti Michael Peshkin, ronú kan irú mìíràn tí yóò lè dúró ti ènìyàn kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Kóbọ́ọ̀tì ni wọ́n pè é. Ní 2008, ilé iṣẹ́ Universal Robots ní Denmark bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀, ó sì ti tàn káàkiri ayé.

Ẹ fi ọkàn sí bí wọ́n ti ń kọ́ ọ níṣẹ́. Wẹ́dà tí ó mọ iṣẹ́ yóò di apá ẹ̀rọ náà mú, yóò fà á dé ibi tí jíjó yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò fà á dé ibi tí yóò parí sí, yóò sì là á sílẹ̀ fún un bí iná yóò ti pọ̀ tó àti bí yóò ti yára tó. Ẹ̀rọ náà yóò há a sórí, yóò sì máa ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún láìsinmi. Bí apá rẹ̀ bá kan ènìyàn, yóò dúró. Ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kì í ṣe eré: ẹni tí ó wà nítòsí gbọ́dọ̀ bo ojú gẹ́gẹ́ bí wẹ́dà ti ń ṣe. Bí irin méjì kò bá sì pàdé dáadáa, ojú ọ̀gá yóò rí i, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì yí padà. Ẹ̀rọ tí wọn kò fún ní ojú yóò kàn jó ibi tí wọ́n ní kí ó jó.

Ǹjẹ́ irú ẹ̀rọ báyìí burú? Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ikare àti Oka. Wọ́n mọ bí ojú ti í máa ta ènìyàn lóru, bí ẹni pé a da iyanrìn sí i. Èéfín rẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2017, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kà á mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ fi ìnira kan ara wa. Ohun tí yóò bá mú ọmọ ọlọ́mọ jìnnà sí èéfín, àánú ni.

Àwọn Mùsùlùmí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1206 ni al-Jazari parí ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ tí ń dá ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ń da omi àlùwàlá sí ọba lọ́wọ́. Ẹ wò ó bí ẹ̀kọ́ ti wà níbẹ̀: ẹ̀rọ da omi, ṣùgbọ́n ta ni ó ṣe àlùwàlá? Ọba ni. Àwa tí a ń tẹ̀lé ọ̀nà Máálíkì mọ̀ pé láìsí àníyàn, kò sí àlùwàlá. Omi lè ti ibikíbi wá. Àníyàn kò lè ti inú irin wá.

Ibí yìí ni èsì wa wà. Alùkùránì sọ fún wa nínú Súrà Sàbá pé Ọlọ́hun sọ irin di rírọ̀ fún Ànábì Dáúdà, Ó sì pa á láṣẹ pé kí ó wọn òrùka ẹ̀wù irin náà kí ó ṣe déédéé. Nínú áyà kan náà ni Ó ti pàṣẹ iṣẹ́ rere. Ìwọ̀n irin àti ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kò yà kúrò lára ara wọn.

Gbogbo wẹ́dà mọ àṣírí kan. Bí ibi tí a jó kò bá wọlé dáadáa, a lè fi pọ́tì dí i, kí a fi fáìlì ra á, kí a kun ọ̀dà lé e, yóò sì máa dán. Oníbàárà kò ní mọ̀. Ọjọ́ tí omi bá kún inú tánkì tí irin náà gbé dúró, tí àwọn ọmọdé sì ń pọn omi lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ náà ni àṣírí yóò tú. Àmánà ni ibi tí a jó. Bí ọ̀gá alábòsí bá kọ́ ẹ̀rọ, àbòsí rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà yóò há sórí, yóò sì ṣe é nígbà ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ ìṣirò, a kò ní pe irin wá jíhìn. Ẹni tí ó di apá rẹ̀ mú ni a ó pè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọ̀gá méjì lè ra irú ẹ̀rọ kan náà. Ọ̀kan yóò fi mú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú èéfín, yóò sì kọ́ wọn bí a ti ń darí rẹ̀. Èkejì yóò lé àwọn tí ó ti bá a làágùn fún ọdún mẹ́wàá jáde ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà dé. Ẹ̀rọ kan ni, àníyàn méjì ni. Ànábì wa kọ́ wa pé arákùnrin wa ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ fún wa, àti pé kí a san owó alágbàṣe kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ẹni tí òógùn rẹ̀ ra ẹ̀rọ, ó ní ẹ̀tọ́ nínú èrè ẹ̀rọ.

A kò ní tan ara wa jẹ. Ọ̀gá tí ó láàánú pàápàá lè má nílò ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà mọ́. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan gbogbo wa: sàká àti àpò ẹgbẹ́ wa gbọ́dọ̀ lè ran ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó lè kọ́ òmíràn, kì í ṣe kí a kàn fún un ní owó oúnjẹ ọjọ́ kan.

Ní ti ọmọ wa, bàbá, ẹ jẹ́ kí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Géètì tí ó wọ́ àti férémù ọ̀kadà tí ó kán lójú ọ̀nà olókùúta wa kì í jọ ara wọn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò rọrùn fún ẹ̀rọ. Ní ibi tí ẹ̀rọ bá sì dé, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ dénú ni yóò kọ́ ọ. Kí ó fi ìṣirò àti kíka àwòrán iṣẹ́ kún un, kí ó sì máa bo ojú àti imú rẹ̀. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó kọ́ láti jó ibi tí ojú kò tó gẹ́gẹ́ bí ó ti ń jó ibi tí gbogbo ayé ń wò.

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì jẹ́ kí a lè jíhìn rẹ̀. Àmín.