Iṣẹ́ Ẹrú, Jíjẹ́ Ọmọ

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òṣìṣẹ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó fẹ́ gba ènìyàn síṣẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé e yẹ̀ wò. Ẹni tó ń fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ kì í hàn nínú ìwé-ẹ̀rí. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbé iṣẹ́ díẹ̀ fún ẹni tí ẹ fẹ́ gbà, kí ẹ sì sanwó rẹ̀. Bó bá jẹ́ aránṣọ, ẹ yí inú bùbá tó rán síta: ṣé ó ká etí aṣọ náà dáadáa, àbí òwú ń yọ wúruwùru nítorí pé ojú oníbàárà kò ní débẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ wò, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ yín dẹrú. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn sínú ìwé fún òṣìṣẹ́ kó tó pé oṣù 3 lẹ́nu iṣẹ́, kí owó iṣẹ́ àti ìsinmi wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè rẹ̀. Bí ọ̀gá bá torí ìyẹn bínú, ẹ tètè máa wá iṣẹ́ síbòmíràn.