Abéèrè Tí Ó Ṣìnà

Àwọn àgbà wa a máa wí pé abéèrè kì í ṣìnà. Èmi béèrè, mo sì ṣìnà. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò: bí ẹni tí ó mọ̀ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, tí onítọ̀hún sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ǹjẹ́ ọrùn ẹni tí ó mọ̀ ti mọ́?

Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún 2019 ni mo lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Kòmu, ní Òkè-Ògùn. Olùkọ́ ni bàbá náà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan tí ń lo Windows 98, ètò tí ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé jáde ní ọdún 1998, tí wọ́n sì pa ìtọ́jú rẹ̀ tì ní ọdún 2006. Bí a bá tan ẹ̀rọ yìí ní òwúrọ̀, a ó jẹun tán kí ó tó jí. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ìwọ tí o wà ní yunifásítì, bá mi tún un ṣe."

Ètò ìgbàlódé kò ṣe é gbé lé e. Windows 10 kò gbà kí ìrántí ẹ̀rọ dín ní gígábáìtì 1. Mẹ́gábáìtì 64 péré ni ti Bàbá, ìdá kan nínú 16. Ẹrù ràkúnmí kò ṣe é dì lé ewúrẹ́ lẹ́yìn. Mo pinnu láti tún Windows 98 kan náà tò sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi fílọ́pì jí ẹ̀rọ, mo ní kí ó fọ dísìkì inú rẹ̀ mọ́. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ pé gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ yóò ṣègbé. Ṣé kí òun máa bá a lọ? Kí n tẹ Y bí mo bá gbà, kí n tẹ N bí n kò bá gbà.

Mo yíjú sí Bàbá. "Bàbá, ó ní òun yóò nu gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kúrò. Ṣé kí n gbà fún un?"

Bàbá ń họ iṣu sísun lọ́wọ́. Ó ní, "Nù ún dáadáa. Eruku ibẹ̀ pọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tẹ Y.

Jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo parí, ẹ̀rọ jí wàrà. Bàbá dúpẹ́, ó jókòó, ó wá ìwé rẹ̀ títí. Ọdún mẹ́fà ni ó ti ń kọ ìtàn ìdílé wa síbẹ̀: ẹni tí ó bí ẹni, oríkì wọn, ààlà oko wọn, bí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà. Fílọ́pì kan, tí kì í gbà ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ, ì bá gba ọgọ́rùn-ún ojú ìwé irú rẹ̀. N kò dà á kọ.

Àwọn kan yóò ní Bàbá ni ó fọwọ́ sí i. Àgbà ni, ó sì mọ̀wé. Àwọn mìíràn yóò ní bí oníṣẹ́ bá ní láti ṣàlàyé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ kò ní í parí láéláé. Òótọ́ ni: n kò ní láti kọ́ Bàbá bí dísìkì ṣe ń yí. Ṣùgbọ́n ohun tí yóò ṣègbé kì í ṣe tèmi, tirẹ̀ ni. Ẹ wo àgbẹ̀ tí wọ́n mú kí ó fi àtàǹpàkò tẹ ìwé ilẹ̀ tí kò lè kà. Ẹni tí ó gbé ìwé wá ni a máa ń bínú sí, a kì í bínú sí àtàǹpàkò. Èmi kò gba owó, n kò sì ní èrò ibi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tí mo béèrè kọ́ ni Bàbá dáhùn. Ẹ̀rín tí mo rín ni ẹlẹ́rìí.

Òwe kò parọ́. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà ni ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo mọ ọ̀nà ni mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. N kò wá ọ̀nà. Ẹni tí yóò bá mi ru ẹ̀bi ni mo ń wá.

Ní ọdún kejì Bàbá tún bẹ̀rẹ̀: ó ń sọ, mo ń kọ. Ibi tí ó bá gbàgbé, a fi àyè sílẹ̀. Méjì nínú àwọn àgbà tí ó sọ ọ́ fún un ti kú. Àyè náà ṣófo síbẹ̀.