Ọmọ Tí Kò Fẹ́ Kàwé, Ta Ni Ká Bá Wí?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ lónìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Ọmọ ọdún 12 ni. Ẹ rán an níṣẹ́, á sáré lọ. Ẹ ní kó mú ìwé, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Nígbà tí mo lọ kí wọn, mo ní kó ka ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún mi. Ó ń kọsẹ̀ lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Inú bí mi, mo pè é ní olódo níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Bùọ̀dá, mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Ọmọ tó bá ti gbà pé olódo lòun, kí ni pàṣán tún fẹ́ ṣe fún un?

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò síná. Mo tan àtùpà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà, sókè fún ìyá mi tí kò mọ̀wé. N kò pe ọmọ náà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àkàrà-Ògùn pàdé Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún nínú igbó, ó ti sún dé ẹ̀gbẹ́ mi. Bí ìjà ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an, mo pa ìwé dé, mo ní oorun ń kùn mí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ọmọ ti mú ìwé lọ sẹ́yìn ilé, tó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo ròyìn fún ọ̀rẹ́ mi kan, tó jẹ́ olùkọ́, ó ní ẹ̀tàn ni mo ṣe: ọjọ́ tí àdídùn bá tán, ọmọ á padà sí ìwà rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ìtàn iwin kò tilẹ̀ yẹ ọmọ Kristẹni.

Ti ìyàwó kò le. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tíṣà ni. Ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ló tẹ ìwé náà jáde ní 1938. Bí iwin ti pọ̀ nínú rẹ̀ ni ìmọ̀ràn pọ̀: ọjọ́ méje ni Ìrágbèje fi kọ́ àwọn ọdẹ tó lọ sí Òkè Láńgbòdó lọ́gbọ́n.

Ti ọ̀rẹ́ mi ló le. Ṣé ẹ̀tàn ni? Ṣebí nítorí ikùn ara rẹ̀ ni apẹja ṣe ń fi ìdẹ sórí ìwọ̀. Níhìn-ín, ọmọ ló jẹun. Òkè àti igbó ló yí ìlú rẹ̀ ká; igbó Fágúnwà kò ṣàjèjì sí i. Àkàrà-Ògùn pàápàá, ẹnu ló fi sọ ìtàn rẹ̀, ẹlòmíràn ló kọ ọ́ sílẹ̀. Etí ló kọ́kọ́ gbọ́ kí ojú tó kà. Àwa tí a fi ẹgba bẹ̀rẹ̀ látojú, àwa la gba ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Nígbà tó kà á tán, ó fẹ́ mọ̀ nípa bàbá Àkàrà-Ògùn. Mo ní ìwé tiẹ̀ wà lọ́tọ̀: Igbó Olódùmarè, ti 1949, ìtàn Olówó-Ayé. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ márùn-ún ni Fágúnwà kọ kó tó kú ní 1963. Ọmọ náà ní kí n rà á wá.

Mo rà á. Mo sì pè é sẹ́yìn, mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rọ̀ burúkú tí mo sọ sí i. Ojú tì í ju èmi lọ.

N kò ní purọ́ fún yín, ìṣirò rẹ̀ kò tíì dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún délé, òun ló ń kàwé fún ìyá mi nídìí àtùpà. Ó dé ibi tó gbóná, ó pa ìwé dé.

"Màmá, oorun ń kùn mí."

"Oorun kẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, jókòó! Kí ni iwin náà wá ṣe?"