Ẹ MÁ ṢE DÚRÓ DE ỌJỌ́ ÌSỌMỌLÓRÚKỌ

Bíbélì Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 9:36-42



Bí obìnrin bá bímọ láàrin wa, a mọ ohun tí à ń ṣe. A ó dúró di ọjọ́ kẹjọ, a ó wé gèlè, a ó gbé ẹ̀bùn lọ síbi ìsọmọlórúkọ, a ó kọrin, a ó sì jó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà tí àṣà yìí kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun ni ìyá tí ó bímọ kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ilé ìwòsàn ni ó wà, ọmọ rẹ̀ sì wà nínú àpótí onígíláàsì tí ó ń mú un móoru. Kò tíì ra aṣọ ọmọ, nítorí àwa àgbà náà ni a máa ń sọ pé kí aboyún má tètè kó nǹkan ọmọ jọ sílé. Àwọn ènìyàn kò mọ̀ bóyá “ẹ kú ewu ọmọ” ni àwọn yóò kí i, tàbí “ẹ kú ìrọ́jú.” Nítorí náà, wọn kò kí i rárá.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ olóṣù méje. Mo hun fìlà kékeré kan àti ìbọ̀sẹ̀, mo dì wọ́n, mo sì kó wọn sí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí á wò ó ná. Bí Ọlọ́run bá dá a sí, n ó kó wọn lọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.” Ọmọ náà kú ní ọjọ́ kẹfà. Nígbà tí mo lọ kí ìyá rẹ̀, ó ní, “Màmá, àkísà ìró mi ni mo fi ń bo orí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí ó lò.” N kò lè dáhùn. N kò sọ pé fìlà mi ni ìbá gba ọmọ náà là. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ìbá mọ̀ pé ẹnìkan ka ọmọ òun sí ènìyàn.

Ẹ wo Tàbítà, tí à ń pè ní Dọ́káàsì. Nígbà tí ó kú ní Jópà, àwọn opó dúró ti Pétérù, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi aṣọ tí ó rán hàn án. A kò kà á níbẹ̀ pé Dọ́káàsì wàásù kan rí. Aṣọ ni ẹ̀rí rẹ̀. Aṣọ náà kò sì sí nínú àpótí rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tí ó nílò rẹ̀ ni ó wà.

Ẹ tún rántí ẹni tí à ń kọ orin rẹ̀ ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì títí di òní. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1707, ní ìlú Epworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Susanna Wesley bí Charles, àbúrò John, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú àsìkò. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ó dà bí òkú: kò sunkún, kò sì lajú. Wọ́n fi irun àgùntàn rírọ̀ wé e títí di ìgbà tí ó yẹ kí a bí i. Nígbà náà ni ó tó lajú, tí ó sì ké. Ọmọ 19 ni Susanna bí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì sin ní ìkókó. Síbẹ̀, wọn kò ní kí á wò ó ná. Wọ́n wé e. Ọmọ náà dàgbà, ó sì kọ orin tí ó lé ní 6,000.

Ọmọ tí a bí kí ọ̀sẹ̀ 37 tó pé kò ní ọ̀rá púpọ̀ lára, òtútù sì tètè ń mú un, pàápàá láti orí. Ìdí nìyí tí fìlà fi ṣe pàtàkì. Ní Bogotá, ní orílẹ̀-èdè Colombia, ní ọdún 1978, tí àpótí amọ́móoru kò tó, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìyá láti gbé ọmọ sí àyà lásán, kí ó sì fi aṣọ dì í mọ́ra. Ọ̀nà yìí ti tàn káàkiri ayé. Àwa tí ó ti ń fi ọ̀já pọn ọmọ sẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́, ṣé a kò lè fi ọ̀já rírọ̀ ta ìyá bẹ́ẹ̀ lọ́rẹ?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀. Kí á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mátíróònù ohun tí wọ́n ń gbà. Kí fìlà kéré tó orí ọsàn ńlá, kí òwú rẹ̀ rọ̀, kí ó má ní bọ́tìnnì, ríbọ́ọ̀nù tàbí okùn. Kí á fọ ohun gbogbo mọ́. Kí á má gbé mílíìkì alágolo lọ, nítorí ọmú ìyá ni ó dára jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ gbígbóná fún ìyá àti owó ọkọ̀ fún bàbá kì í ṣe ẹ̀bùn kékeré.

Bí ọmọ náà bá yè, a ó jó. Bí kò bá sì yè, ẹ̀bùn wa kò ṣòfò, nítorí ìfẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó lọ.

Àdúrà: Olúwa, dárí jì wá fún ohun rere tí a tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Fún wa ní ọwọ́ Dọ́káàsì àti ẹsẹ̀ tí kì í pẹ́ lọ́nà. Àmín.