Àìrí Kì Í Ṣe Ẹ̀mí

Ní etí òkun Ìlàjẹ, láti Igbókòdá títí dé Ugbónla àti Ayétòrò, ṣọ́ọ̀ṣì kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù kò sì wọ́n lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà. Kò yani lẹ́nu pé àwọn oníwàásù ń fi ọ̀kan ṣe àpèjúwe èkejì: ẹ kò fojú rí Wi-Fi, síbẹ̀ ó wà nínú ilé, ó ń gbé ọ̀rọ̀ àti àwòrán wọlé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ẹ̀mí Mímọ́. Àpèjúwe náà dùn létí, ó sì rọrùn láti rántí. Ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà, ewu tó wà nínú rẹ̀ sì ju ọ̀rọ̀ Wi-Fi lọ. Ó ń kọ́ wa láti ka gbogbo ohun tí ojú kò tó sí ọ̀ràn ẹ̀mí. Ẹni tó bá gba ìyẹn gbọ́ yóò máa fi àdúrà dípò ìbéèrè níbi tó yẹ kó ti wádìí, yóò sì máa wá ẹ̀rọ tí yóò jẹ́rìí fún Ọlọ́run níbi tí ìgbàgbọ́ kò ti nílò ẹlẹ́rìí kankan.

Ẹ wo ilé alájà mẹ́ta kan ní ìlú tí wọ́n ti ń fi símẹ́ǹtì kọ́lé. Onílé fẹ́ kí Wi-Fi dé gbogbo yàrá, kò sì fẹ́ kí wáyà kankan hàn lára ògiri. Ráútà wà ní pálọ̀ ìsàlẹ̀. Níbẹ̀, fídíò ń ṣí wàrà. Ní àjà kejì, ó ń wọ́. Ní àjà òkè pátápátá, kò sí nǹkan kan. Kò sí ẹ̀mí nínú ọ̀ràn yìí. Ìgbì rédíò ni Wi-Fi, irú èyí tí James Clerk Maxwell fi ìṣirò sọ tẹ́lẹ̀ ní 1865, tí Heinrich Hertz, ará Jámánì, sì fi ìdánwò fi hàn ní nǹkan bí ogún ọdún ó lé lẹ́yìn náà. Èyí tó wà lórí 2.4 GHz gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12 ààbọ̀ láti orí ìgbì kan dé èkejì. Èyí tó wà lórí 5 GHz gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6. Ìkejì yára ju ìkínní lọ, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń mú un balẹ̀. Dẹ́kìn tó wà láàárín àjà kan sí èkejì kún fún kọnkéré àti irin: kọnkéré ń gbà nínú agbára ìgbì, irin ń dá a padà. Páànù náà ń dá a padà, tánkì omi sì ń fa tirẹ̀ mu. Eriali ráútà tó nàró gbọnrangandan, ẹ̀gbẹ́ ló ń fọ́n ìgbì sí jù, díẹ̀ ló ń lọ tààrà sókè orí rẹ̀. Ẹni tó bá dá ọ̀kan nínú àwọn eriali náà dùbúlẹ̀ lè rí i pé yàrá òkè sàn díẹ̀. Nínú ilé pákó tó wà lórí òpó láàárín omi, pákó kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ìgbì lọ́nà. Páànù orí ilé nìkan ló lè bá a jà. Àtúnṣe tó dára jù fún ilé alájà ni kí àjà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ kékeré tirẹ̀ lábẹ́ síìlì, kí wáyà tó so wọ́n pọ̀ gba inú páìpù tí a rì sínú ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ti rẹ́ ilé tán, ẹ̀rọ mesh wà, tí ọ̀kan ń ta ìgbì sí èkejì. Ẹ̀bá àtẹ̀gùn ló dára kí a gbé wọn sí, nítorí ibẹ̀ ni dẹ́kìn ti ṣí sílẹ̀.

Nínú ilé tí wọ́n rì wáyà sínú ògiri dáadáa, tí àlejò kò rí wáyà kan ṣoṣo, wáyà pọ̀ ju ti ilé tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ kò dára lọ. A kò mú wáyà kúrò. A pa á mọ́ ni. Bí a bá tọ ọ̀nà rẹ̀ jáde, a ó dé ìdí òpó máàsì, a ó dé Èkó, a ó sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ òkun Atlantic, òkun kan náà tó ń lu ẹsẹ̀ ilé ní Ayétòrò. Ibẹ̀ ni okùn ìntánẹ́ẹ̀tì bíi SAT-3 àti MainOne wà, tí wọ́n so Nàìjíríà mọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ìdààmú sì bá àwọn ilé ìfowópamọ́ níbí. Ọkọ̀ òkun ni wọ́n rán lọ láti fa àwọn okùn náà sókè, kí wọ́n sì so wọ́n padà. Onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́ jọ pàdánù nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ́jọ́ náà; àwọn méjèèjì ló sì rí i gbà padà nígbà tí iṣẹ́ parí. Ohun tí a fi ń dá nǹkan ti ara mọ̀ nìyẹn: ó ní ìdí, ó ní ọ̀nà tó ń gbà, a lè wọ̀n ọ́n, kì í sì í wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan lè sọ pé Jésù fúnra rẹ̀ fi afẹ́fẹ́ ṣe àpèjúwe fún Nikodémù nínú Ìhìnrere Jòhánù, orí kẹta, afẹ́fẹ́ sì jẹ́ nǹkan ti ara tí ojú kò rí. Kí ló wá burú nínú kí oníwàásù òde òní fi Wi-Fi rọ́pò afẹ́fẹ́? Àtakò yìí lágbára, mo sì gbà pé àpèjúwe lè kọ́ni pé ohun tí a kò rí lè wà. Àmọ́ ẹ wo ohun tí Jésù fà yọ níbẹ̀: afẹ́fẹ́ ń lọ síbi tó wù ú, ọmọ ènìyàn kò lè pàṣẹ fún un. Apẹja Ìlàjẹ tó ti bá ìjì pàdé lójú agbami mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Wi-Fi kò rí bẹ́ẹ̀. A ń rà á, a ń tàn án, a ń pa á, a ń fi pásíwọ́ọ̀dù dè é kí aládùúgbò má bàa lò ó. Bí a bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe àwòrán Ẹ̀mí, a ti sọ Ẹ̀mí di ohun ìní tí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lè há fún ẹni tó bá wù ú. Kò sì pẹ́ tí àwọn kan yóò fi máa ta kọ́kọ́rọ́ náà.

Àtakò kejì ti ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ ìjìnlẹ̀ ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wá. Wọ́n á ní ìpààlà láàárín ti ara àti ti ẹ̀mí kì í ṣe ti Yorùbá; irin jẹ́ ti Ògún, òkun jẹ́ ti Málòkun tí wọ́n ń bọ ní Ìlàjẹ, àṣẹ sì wà nínú ohun gbogbo tí Olódùmarè dá. Bí a bá gba gbogbo rẹ̀ pátá, kò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún kò fìgbà kan rò pé ìbọ náà ló máa rọ àdá. Ó bọ tán, ó fín ewìrì, ó wo àwọ̀ irin nínú iná, ó gbé ọmọ owú. Ọ̀wọ̀ tó ní fún irin ló mú kó fara balẹ̀ kọ́ ìwà irin. Ẹni tó bá ka wáyà sí ohun mímọ́ ló tún yẹ kó mọ ibi tí wáyà gbà ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ìtàn Ìlàjẹ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí èyí. Ní 1947, ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́, tí inúnibíni lé kúrò ní ìlú wọn, tẹ Ayétòrò dó sórí ẹrẹ̀ etí òkun. Ẹni ẹ̀mí paraku ni wọ́n. Ọba wọn ló tún jẹ́ olórí ìjọ, dúkìá wọn sì jẹ́ ti gbogbo wọn pọ̀. Àwọn ènìyàn yìí kan náà ló tẹ́ pákó ṣe òpópónà, tí wọ́n kan ọkọ̀, tí wọ́n hun aṣọ, tí wọ́n sì tan iná mànàmáná ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó jù ú lọ ṣì ń lo àtùpà. Wọ́n gbàdúrà bí ẹni tó mọ̀ pé Ọlọ́run ló ni ayé, wọ́n sì tọ́jú ẹ̀rọ bí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í gbọ́ àdúrà.

Ayétòrò kan náà ni òkun ń jẹ lónìí. Ó ti gbé ilé, ó ti gbé ilé ìwé, ó ti lé ìdílé tó pọ̀ kúrò. Ohun tó fà á kò hàn sójú bí ìgbì òkun ṣe ń hàn: ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí kò ga, tí omi ń fọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, àti òkun tó ń ga sí i kárí ayé. Ní 2004, NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà òkun náà síta. Wọ́n tún gbé e fún ilé-iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn náà. Òkun kò dúró. Bí a bá ti gbà pé gbogbo àìrí jẹ́ ẹ̀mí, ìparun yìí yóò di ìjà tí Málòkun ń bá ìlú jà, tàbí ìdánwò láti òkè, kò sì ní sí ẹni tí a ó bi pé owó dà, àti pé iṣẹ́ dà. Ibi tí àpèjúwe Wi-Fi ń gbé wa lọ nìyí, bí àwọn tó ń lò ó kò tilẹ̀ ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníwàásù wa, ẹ fi Ẹ̀mí sílẹ̀ ní ipò rẹ̀, kí ẹ sì fi wáyà sílẹ̀ ní tirẹ̀. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò bá dé àjà òkè, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́. Bí òkun bá ń wọ ìlú, ẹ gbàdúrà fún àwọn tó ń sunkún, kí ẹ sì dìde tọ ìjọba àti àjọ tó gba owó iṣẹ́ náà lọ, títí wọn yóò fi dáhùn.