ÌRÒNÚ ÒWÚRỌ̀: ÌKORÒ INÚ Ẹ̀GẸ́


Kíkà: Hébérù 12:14-15

Ẹ wo ẹ̀gẹ́ nígbà ọ̀dá. Kò lè sá kúrò lójú oòrùn. Á pa àwọn ihò tíntìntín ara ewé rẹ̀ dé kí omi má bàa tán, á wọ́ ewé púpọ̀ dànù, á wá fi oúnjẹ inú gbòǹgbò dúró de òjò. Ọgbọ́n nìyẹn, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Àmọ́ ọ̀dá tún máa ń jẹ́ kí ohun tó ń mú un korò pọ̀ sí i lábẹ́ ilẹ̀. Òun náà ló ń di májèlé saináídì lára ẹni tó bá jẹ ẹ́ ní tútù.

Tí ìyà bá wá sọ èèyàn di oníkorò, ṣé ẹ̀bi rẹ̀ ni? Ẹni tí wọn ò sanwó oṣù fún, ẹni tí mọ̀lẹ́bí gba ilẹ̀ bàbá mọ́ lọ́wọ́? Rárá o. Ẹ̀gẹ́ kọ́ ló pe ọ̀dá.

Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ẹ̀gẹ́ kíkorò fọ́mọ jẹ ní tútù? A ó rin ín, a ó jẹ́ kó kan fọ́jọ́ mélòó kan, a ó fún omi rẹ̀ dànù, ká tó yan án. Kó pẹ́ ò burú. Ohun tó burú ni kí ará ilé tí ò ṣẹ̀ wá máa jẹ ìkorò wa ní tútù.

Lónìí, kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ kọ́kọ́ rò ó fún Olúwa.

Àdúrà: Bàbá, fún omi ìkorò inú mi dànù, kí n lè di oúnjẹ fún ilé mi. Àmín.